Lẹ́tà tí Alága Fọwọ́ Sí

Ọjọ́ Àìkú, 6 oṣù keje, 2025

Èmi ni mo gbé lẹ́tà ìjáde Eugène pamọ́. Kì í ṣe Alága Maxime. Ọdún mẹ́rìnlélógójì nìyí tí mo ti ń jẹ́ kí òkú jẹ̀bi ohun tí èmi alààyè ṣe.

Ọjọ́ Jímọ̀, 31 oṣù keje, 1981, ni Alága pè mí sí ilé rẹ̀. Èmi ni akọ̀wé Ìràwọ̀ Òkè, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa, nígbà náà, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ẹgbẹ́ kan ní Abidjan ti rán ènìyàn wá mú Eugène, ọmọ abúlé Akparé, ẹni ọdún méjìlélógún tó ń jẹ gọ́ọ̀lù bí ẹni ń já máńgòrò. Láìsí lẹ́tà ìjáde láti ọwọ́ wa, kò lè lọ. Alága fọwọ́ sí i, ó lu òǹtẹ̀ ẹgbẹ́, ó ní, "Múítì, gbé e fún un. Jẹ́ kí ọmọ náà lọ. Ọlọ́run á fún wa ní òmíràn." Mo ní ó dáa. Mo fi í sínú àpò.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì ká gbá bọ́ọ̀lù tí yóò gbé wa dé àṣekágbá. Mo sọ fún Eugène pé Alága ti rìnrìn-àjò. Nígbà tó yá, mo ní Alága ti dé, ṣùgbọ́n ó kọ̀, kò fọwọ́ sí i. Ará Abidjan yẹn dúró ní òtẹ́ẹ̀lì fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, ó sì mú ọmọ mìíràn lọ. Nígbà tí Alága bi mí, mo ní Eugène fúnra rẹ̀ ló yí ọkàn padà, pé ọ̀nà jìn jù lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, Alága ń pè é ní aláìmoore, òun náà sì ń pe Alága ní ìkà. Wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ títí Alága fi kú.

A borí nínú bọ́ọ̀lù yẹn. Eugène jẹ méjì. A pàdánù àṣekágbá. Lọ́dún kejì orúnkún rẹ̀ yẹ̀, ó sì padà sóko.

Mo wà nínú ààwẹ̀ nígbà tí mo pa irọ́ àkọ́kọ́. Mo fẹ́ kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Lẹ́tà náà wà nínú àpótí irin mi. Mo ti fẹ́ fà á ya lọ́pọ̀ ìgbà. N kò lè fà á ya, n kò sì lè gbé e jáde.

Àlàrùbá, 9 oṣù keje

Bọ́ọ̀lù ti gba ìsinmi, àwọn tó ń ra agbábọ́ọ̀lù ti jí. Ipò kẹtàlá la parí sí nínú mẹ́rìndínlógún. Díẹ̀ ló kù ká já sí dífísọ́n kejì, dípò kí wọ́n máa tún ilé ṣe, wọ́n ń tú òrùlé tà.

Ṣàngówáwa, tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn fún wa, ti ń lọ sí Kara. Wọ́n fún un ní alùpùpù kan. Àdéhùn rẹ̀ kò ju ojú ewé kan lọ, alùpùpù náà kò sì ní ìwé rárá. Ọjọ́ kan náà ni méjèèjì máa bàjẹ́. Aṣọ́lé wa fọwọ́ sí àdéhùn ọdún kan péré. Àdéhùn ọdún kan kò yàtọ̀ sí àgbàdo sísun: kó tó tutù, ó ti tán lọ́wọ́ ẹni. Ẹni tí wọ́n sì mú wá láti òdìkejì ẹnubodè kó máa jẹ gọ́ọ̀lù fún wa, ọjọ́ orí bọ́ọ̀lù rẹ̀ jẹ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọjọ́ orí rẹ̀ gan-an, kó lọ bi àkọ́bí rẹ̀, tó ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀.

Mo sọ gbogbo èyí sókè lónìí. Rédíò nìkan ló gbọ́. Òun náà ń sọ tirẹ̀, owó tí wọ́n fi ra ọmọ kan nílùú òyìnbó. Owó náà lè ra Atakpamé ìlú wa tòun ti àwọn òkè rẹ̀.

Mẹ́rin la jẹ́ tẹ́lẹ̀ lórí bẹ́ńṣì ẹ̀gbẹ́ pápá. Nígbà náà, ẹni tó bá sọ irú ọ̀rọ̀ bíi ti alùpùpù yẹn, a ó ti rẹ́rìn-ín títí dé ilé.

Sátidé, 12 oṣù keje

Ìdíje ìgbà ìsinmi bẹ̀rẹ̀, àdúgbò sí àdúgbò. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń rí ọmọ tó máa di ènìyàn kí kóòṣì tó rí i. Mo mú ìwé kékeré mi dání.

Nọ́ńbà mẹ́rin àwọn aláwọ̀ ewé: ó ga, ẹ̀rù kì í bà á, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù ló ń wò, kì í wo ènìyàn. Wọ́n á máa gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá títí yóò fi darúgbó. Nọ́ńbà méje: ó lè sáré, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tó ń sáré lọ. Ọmọ kúkúrú kan wà tí wọn kò fún ní nọ́ńbà, tó ń lo ẹsẹ̀ méjèèjì. Kí wọ́n fi ọdún méjì bọ́ ọ dáadáa.

Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó lè rọ́pò Gaël. Gaël ni ọmọ Dorothée, Dorothée sì ni ọmọ Eugène. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni, ó ku ọdún kan nínú àdéhùn rẹ̀ pẹ̀lú wa. Òun ló jẹ gọ́ọ̀lù mọ́kànlá nínú mẹ́rìnlélógún wa lọ́dún tó kọjá. Ó máa ń fi èjìká tan ènìyàn gẹ́gẹ́ bí bàbá ìyá rẹ̀ ti ń ṣe. Bí mo bá ń wò ó, inú mi á dùn, àyà mi á sì tún já.

Àtìnì, 14 oṣù keje

Òjò láti àárọ̀. Abọ́ àgbàdo ti di ẹgbẹ̀rin fráǹkì. Ìrẹsì tí mo sè ti pọ̀ jù lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọdún mẹ́rin ti kọjá tí Mùnírátù aya mi ti kú, ọwọ́ mi kò tíì mọ ìwọ̀n ẹnì kan.

Àlàmísì, 17 oṣù keje

Junior gun òkè wá kí mi. Òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́ báyìí. Ó ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tókópì lẹ́bàá ibùdókọ̀.

"Bàbá Akọ̀wé, ẹ kú ìjókòó."

"O kú ìrìn. Kí ló gbé ọ gun òkè nínú ẹrẹ̀ yìí?"

"Gaël ni. Ẹgbẹ́ kan ní Kùtọ́nu fẹ́ ẹ. Alága wa ìsinsìnyí ti fọwọ́ sí lẹ́tà rẹ̀ kó tó lọ sí Faransé, inú dúrọ́ọ̀ mi ló wà." Ó wá sún mọ́ mi. "Wọ́n ní láyé yín, agbábọ́ọ̀lù kan ò lè lọ àyàfi tí ẹ bá fẹ́. Báwo lẹ ṣe ń ṣe é, Bàbá? Ẹ kọ́ ọmọ yín."

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti lé e jáde. Mo ro sáà tó ń bọ̀. Mo ro ẹni tó máa jẹ gọ́ọ̀lù. Mo gbọ́ ohùn ara mi:

"Sọ fún un pé Alága ti rìnrìn-àjò láì fọwọ́ sí i. Alága sì ti rìnrìn-àjò lóòótọ́. Ta ló máa pè ọ́ ní òpùrọ́?"

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹjọ ni ìforúkọsílẹ̀ parí. Kò sí lẹ́yìn náà."

Ó pàtẹ́wọ́. "Yéè! Orí yín ṣì pé ju kọ̀ǹpútà lọ!"

Ó fi mílíìkì agolo méjì sílẹ̀ fún mi. A sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù títí wákàtí kan fi kọjá. Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti jókòó tó bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Inú mi dùn nígbà tó ń sọ̀kalẹ̀ lọ.

Jímọ̀, 18 oṣù keje

Kí ni mo ṣe lánàá?

Àtàláátà, 22 oṣù keje

Bàrákátù, ọmọ mi obìnrin, pè láti Libreville.

"Bàbá, ṣé ẹ ti jẹun?"

"Mo ti jẹun."

"Kí lẹ jẹ?"

"Ìrẹsì."

"Ìrẹsì lẹ sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá."

"Ìrẹsì yẹn náà ni."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, ṣé kò sí nǹkan?" Ó wà lẹ́nu mi láti sọ fún un. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, níwájú gbogbo ènìyàn, ó pè mí ní ẹni tó kọ́ òun láti má purọ́. Mo ní kò sí nǹkan. Ìlà já.

Ọjọ́ Àìkú, 27 oṣù keje

Eugène wá láti Akparé lórí zémíjàn, alùpùpù akérò, pẹ̀lú iṣu tuntun mẹ́fà nínú àpò. Awakọ̀ gbé e dé ìsàlẹ̀ òkè péré nítorí ẹrẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń tiro gun èyí tó kù, pẹ̀lú iṣu lórí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti pa àwa ará oko tì!"

"Ìwọ lo pa mí tì. Iṣu ti sọ ọ́ di olówó."

"Olówó tó ń gun òkè pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan ààbọ̀?"

Ó jókòó, ó mu omi, ó nu ojú. Lẹ́yìn náà ló tú ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

"Wọ́n tún ti ṣe é, Ẹ̀gbọ́n. Kùtọ́nu fẹ́ Gaël. Junior ní Alága ti lọ sí Faransé láì fọwọ́ sí ìwé. Ọ̀kan náà ni gbogbo àwọn alága. Bí Maxime ṣe ṣe mí nìyẹn. Níbi tó wà, kí Ọlọ́run má fojú rere wò ó."

N kò lè ṣe àmín. Ó wò mí.

"Ẹ̀yin nìkan lẹ dúró tì mí nígbà náà. Ẹ lọ bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. N ò gbàgbé. Mo sọ fún Dorothée pé bí ẹnì kan bá lè bá wa sọ ọ́, ẹ̀yin ni. Ẹ bá wa bẹ̀bẹ̀."

Lẹ́ẹ̀mẹta. Èmi ni mo sọ iye yẹn fún un. Mo ti gbàgbé pé mo sọ ọ́.

"Màá gbìyànjú," ni mo wí.

Ó wo inú ìkòkò mi, ó mi orí, ó bẹ iṣu fúnra rẹ̀, ó sè é. A jọ jẹ ẹ́ pẹ̀lú epo àti iyọ̀. Oúnjẹ àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo bá ènìyàn jẹ láti ọjọ́ iléyá. Ó dùn. Mo jẹ ẹ́ bí olè.

Àlàrùbá, 30 oṣù keje

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù Junior. Mo dúró kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń da ìwé kọ tán, kí n tó sọ̀rọ̀.

"Gbé lẹ́tà Gaël fún un."

Ó rò pé mo ń ṣàwàdà. "Bàbá, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi?"

"Èmi ni. Ohun tí mo kọ́ ọ burú."

"Tí a bá wá já sí dífísọ́n kejì ńkọ́?"

"A ó já."

"Ẹ ó sunkún."

"Màá sunkún."

Mo wá sọ ti 1981 fún un, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òun ni ènìyàn àkọ́kọ́ tó gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Mo rò pé ojú á tì í. Inú ló bí i.

"Ẹ̀yin gbé tiyín pamọ́ fún ọdún mẹ́rìnlélógójì, ẹ jẹ orúkọ rere, wọ́n ń kí yín ní títì. Èmi tí mo gbé tèmi fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ fẹ́ kí n di olóòótọ́ lónìí, kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ máa bú mi pé mo ta Gaël. Ó dáa. Ẹ lọ gbé tiyín fún Eugène ná. Lọ́jọ́ tí Eugène bá pè mí lórí fóònù pé ó ti tẹ òun lọ́wọ́, èmi náà á gbé ti ọmọ ọmọ rẹ̀ jáde."

"O mọ̀ pé n kò lè..."

"Mo mọ̀," ló wí. Ó yíjú sí ẹ̀rọ rẹ̀.

Ó tó ọmọ mi. Ó tọ̀nà.

Sátidé, 2 oṣù kẹjọ

Mo gbé lẹ́tà náà jáde kúrò nínú àpótí. Ìwé náà ti pọ́n bí ewé tábà, ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ ṣì hàn kedere. Mo fi í sínú fáìlì tí mo ń kó ìwé owó ìfẹ̀yìntì mi sí.

Àtàláátà, 5 oṣù kẹjọ

Mo dé ibùdókọ̀ Akparé ní aago mẹ́jọ. Ó ku èrò kan kí ọkọ̀ kún. Awakọ̀ ń kígbe pé, "Bàbá, ẹ̀yin là ń dúró dè!" Mo ní òjò ń bọ̀. Ó wo ojú ọ̀run, ó wò mí. Mo padà sílé.

Òjò kò rọ̀.

Àlàmísì, 7 oṣù kẹjọ

Ó ku ọjọ́ méje.

Sátidé, 9 oṣù kẹjọ

Mo gba ẹ̀gbẹ́ pápá kọjá, mo rí Gaël. Òun nìkan ló wà níbẹ̀. Ó ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri, ó ń gbà á padà, ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹsẹ̀ òsì. Nígbà tó rí mi, ó sáré wá, ó dọ̀bálẹ̀ sínú koríko tútù.

"Bàbá, ẹ ṣé o. Bàbá àgbà ní ẹ̀ ń bá mi sọ ọ́."

"Dìde, aṣọ rẹ ń bàjẹ́."

"Tí kò bá tiẹ̀ bọ́ sí i, ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Mo ti sọ fún Màmá pé n ó máa bá Bàbá àgbà roko. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e mọ́."

Ó ń tù mí nínú. Ọmọ yẹn ń tù mí nínú.

Mo bi í bóyá wọ́n ti fi àdéhùn Kùtọ́nu hàn án. Ó ní ọdún mẹ́ta ni, pẹ̀lú yàrá àti dókítà. Mo ní kó rí i dájú pé wọ́n kọ ti dókítà sínú ìwé, nítorí orúnkún. Ó ní, "Ẹ ṣé, Bàbá." Ó tún dọ̀bálẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 10 oṣù kẹjọ

Mo lọ.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìsìn dé. Eugène wà lábẹ́ ìbòòji níwájú ilé, aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó ń ṣa iṣu ńlá sọ́tọ̀ kúrò lára kékeré. Dorothée gbé omi wá fún mi, ó kúnlẹ̀, ó wọlé lọ.

"Ẹ̀gbọ́n! Ẹ wá fúnra yín! Ẹ ti rí i gbà nìyẹn!"

"N kò tíì rí ti Gaël gbà. Tìrẹ ni mo mú wá."

"Tèmi kẹ̀?"

Mo yọ ọ́ jáde. Ó ní ìgò ojú òun wà nínú ilé, kí n kà á. Mo dúró, mo kà á ní Faransé bí wọ́n ti kọ ọ́. Ìlà mẹ́rin péré ni: ẹgbẹ́ Ìràwọ̀ Òkè ti tú agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ sílẹ̀, ó lè gbá bọ́ọ̀lù níbikíbi tó bá wù ú, ẹgbẹ́ kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀, ẹgbẹ́ sì kí i pé kó lọ ire.

"Ta ló fọwọ́ sí i?"

"Alága Maxime."

"Ọjọ́ wo?"

"Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù keje, 1981. Ó ní kí n gbé e fún ọ. N kò gbé e fún ọ. Mo fẹ́ ká borí. Kò sí ìdí mìíràn. Mo sọ fún un pé ìwọ lo kọ̀, mo sì sọ fún ọ pé òun ló kọ̀."

Ó mú iṣu kan, ó gbé e sí ibi tí kì í ṣe ààyè rẹ̀.

"Ìtúnu ààwẹ̀ bọ́ sí ọ̀sẹ̀ yẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Mo wá jẹun nílé rẹ. O bu ẹran fún mi."

"Mo bu ú."

"Níbo ni ìwé yìí wà, nígbà tí mo ń jẹ ẹran?"

"Nínú àpò tí mo fi kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn."

Adìyẹ kan gba àárín wa kọjá.

"Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé òkú Maxime kọjá níhìn-ín, mo ti ilẹ̀kùn mi. Ìyàwó rẹ̀ máa ń kí mi lọ́jà. Títí òun náà fi kú, n ò dá a lóhùn."

Mo ti múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láti ilé, mo tiẹ̀ kọ ọ́ sórí ìwé. Kò sí èyí tó ṣeé sọ nínú rẹ̀.

"Kí ló dé tó fi jẹ́ òní?"

"Nítorí Gaël ni." Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ìmọ̀ràn tí mo fún Junior, lẹ́tà tó wà nínú dúrọ́ọ̀, ohun tí Junior ní òun fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Tí kì í bá ṣe ti Gaël ńkọ́?"

Mo lè purọ́ níbẹ̀. "Ì bá bá mi wọ sàréè."

Ó fa fóònù yọ. Nígbà tí Junior gbé e, ó ní, "Ó ti mú un wá. Ọ̀la ni kí Gaël bá ìwé rẹ̀ lórí tábìlì rẹ." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó pa á. Lẹ́yìn náà, láì wò mí, ó fi àgbọ̀n júwe òkìtì iṣu.

"Fi síbẹ̀ yẹn, kó o máa lọ."

Mo ní rárá. Mo ní ọwọ́ rẹ̀ ni Alága ní kí n fi í lé.

Mo fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i. Apá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí kó tó mira. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀, kò mú nǹkan kan dání.

Ọwọ́ òsì ló fi gbà á.